Òjìji Tó Kù Lára Aṣọ Aláwọ̀ Ewé

Olùkọ́ wa fi ọwọ́ gbá tábìlì mi débi pé kíbọ́ọ̀dù fò sókè. "Kí lo dà sílẹ̀ yìí? Ata lílọ̀ ni àbí ẹ̀jẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká fi ẹ̀jẹ̀ sára ewúrẹ́ kan tí mọ́tò gbá nínú eré kàtúùnù tí à ń ṣe, mo sì ti jẹ́ kí tèmi pupa yòò bíi tòmátì orí àtẹ.

"Abẹ́ igi ni ewúrẹ́ yìí kú sí," ni olùkọ́ wa wí. Obìnrin gíga kan ni wọ́n, wọn kì í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ tó bá wà ní ibòji kì í pupa báyìí. Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni. Ṣé o ò tíì rí ẹ̀jẹ̀ rí ni?"

"Mo ti rí i, mà."

Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ni mo ti rí, àti tèmi nígbà tí ọ̀bẹ gé mi níka. Mi ò tíì rí ti ẹlòmíràn tó ń tú jáde rí.

Ọdún kejì mi nìyẹn ní ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kan ní Àgọ́-Ìwòyè, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta fóònù nísàlẹ̀. Kàtúùnù ni mo lọ kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, oníkálukú wa mú ẹ̀ka tó wù ú. Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, tí a sì jọ ń gbé yàrá kan, mú àwòrán yíyà, nítorí kò sí ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè yà. Èmi mú iṣẹ́ àwọ̀ àti iṣẹ́ àrà. Iṣẹ́ àwọ̀ ni pé kí o gba fídíò tí kò hàn dáadáa, kí o gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè, kí o rẹ ibi tó ń tàn jù sílẹ̀, títí ojú á fi rí ohun tó yẹ kó rí. Iṣẹ́ àrà ni pé kí o fi ohun tí kò sí níbẹ̀ sínú fídíò, tàbí kí o yọ ohun tó wà níbẹ̀ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má sì fura.

Olùkọ́ wa kò fojú rere kọ́ wa. Wọ́n lè pa iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan rẹ́ lójú rẹ, kí wọ́n ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Síbẹ̀, mo ń mọ iṣẹ́ náà sí i.

Fún iṣẹ́ àṣeparí ọdún náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣe fídíò kékeré kan. Ọmọbìnrin kan dúró létí ọ̀sà, ẹja ńlá kan fò jáde látinú omi, ó sì kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló máa dúró níwájú kámẹ́rà, òun náà ló máa ya ẹja. Èmi ni màá fi ẹja náà sínú omi tí kò fi ní dà bí irọ́. A wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, a ti ibẹ̀ wọkọ̀ dé Ibiade, a wá gun ọ̀kadà méjì lọ sí ọ̀nà Ìwòpin, títí a fi rí ibì kan tí ilẹ̀ ti tẹ́jú dé etí omi.

Ìyá àgbàlagbà kan ń yan ẹja nítòsí ibẹ̀. A kí wọn, a ní a fẹ́ ya fídíò.

"Ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o," ni wọ́n wí. "Ìdílé méjì ló ń jà lórí ilẹ̀ yẹn. Dẹ̀dẹ̀ wa, gbogbo wa pátá, la kì í débẹ̀ mọ́."

A ní a ti gbọ́, mà. A ò gbọ́. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé oòrùn ti ń ga.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ bí kámẹ́rà ṣe rìn, ó yẹ kí a gbin àmì sílẹ̀. A gé igi kéékèèké mẹ́jọ, a so àjákù aṣọ pupa mọ́ orí wọn, a fi tépù wọn àyè tó wà láàárín wọn, a sì kàn wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì. A ta aṣọ aláwọ̀ ewé kan sáàárín òpó méjì, torí ohun tó bá wà níwájú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń rọrùn láti gé jáde. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lábẹ́ igi, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí oòrùn má baà pa á, mo sì tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, tó bá rí èèkàn alákìísà pupa àti tépù lọ́wọ́ mi, á ní ilẹ̀ là ń wọ̀n fún ẹni tó fẹ́ rà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ náà, kò sí lọ́kàn mi rárá.

Inú igbó ni wọ́n ti jáde. Ọkùnrin mẹ́rin, àdá lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Ta ló rán yín? Ta ló ní kí ẹ wá wọn ilẹ̀ wa?"

Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, a ò wọn ilẹ̀. Fídíò ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni wá..."

Ọ̀kan nínú wọn fa èèkàn kan tu, ó sì fi gbá mi lẹ́yìn ọrùn. Mo dojú bolẹ̀. Ó tún gbá mi léjìká, ó tún gbá mi nídìí, ẹlòmíràn sì fi ẹsẹ̀ tẹ orí mi mọ́ iyanrìn. Iyanrìn kún ẹnu mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi bó ṣe ń sá gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà kọjá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń lé e. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àdá. Mo ti gbọ́ àdá lára igi, mo ti gbọ́ ọ lára iṣu. Èyí yàtọ̀. Ó rọ̀, ó tún le nínú. Ọ̀rẹ́ mi kígbe lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì dákẹ́.

Ẹsẹ̀ ẹni náà ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo di ojú, mo ń pe Jésù. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó dúró. Mo ń retí àdá. Ṣùgbọ́n ohùn kan tó há, tí mi ò dá mọ̀, ni mo gbọ́: "Ó tó! Ó tó bẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ á lọ!" Wọ́n sì sá wọ igbó.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Nínú iyanrìn níbẹ̀, mo súre fún un.

Ẹ̀yìn aṣọ ni mo ti bá ọ̀rẹ́ mi. Ó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún bo orí, ọwọ́ náà ló gba àdá. Ó ṣí láti ìdí ìka kékeré dé ọrùn ọwọ́, mo rí ohun funfun nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń tú sínú koríko, ó dúdú, ó ń dán bí epo mọ́tò. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Ìyá tó ń yan ẹja ti gbọ́ igbe, wọ́n sáré dé, wọ́n ya ìró ìdí wọn sí méjì, wọ́n dì í mọ́ ọn lọ́wọ́ pinpin, wọ́n sì ń gbá mi létí léraléra: "Dìde! Gbé e! Ṣé o fẹ́ kó kú ni?" Orí ọ̀kadà ni a gbé e sí, láàárín èmi àti ọlọ́kadà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì rin gbogbo àyà mi kí a tó dé ilé ìwòsàn ní Ibiade. Wọ́n ní agbára àwọn kò ká a níbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti rán ọwọ́ náà pọ̀.

Èmi àti ọlọ́pàá kan padà lọ gbé kámẹ́rà lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọkùnrin yẹn kò rí i lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì ti ya gbogbo rẹ̀ kí bátìrì tó kú. Ọlọ́pàá náà wò ó, ó mi orí. Oòrùn wà lẹ́yìn àwọn ọkùnrin náà, omi ń kọ mọ̀nà, gbogbo wọn dúdú bí èédú.

"Kò sójú nínú ohun tí ẹ yà yìí," ló wí.

"Ojú wà níbẹ̀, sà. Ẹ fún mi lọ́jọ́ mélòó kan. Màá mú un jáde."

Ó gbà, ó sì fi káàdì kámẹ́rà náà sílẹ̀ fún wa. Olùkọ́ wa tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún mi, wọ́n sì dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà tiwọn tó dára jù. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. "Jókòó. Má gbé gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Gé ojú kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí o máa gbé e díẹ̀díẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ojú àkọ́kọ́ jáde, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, mi ò mọ̀ ọ́n. Èkejì, èyí tó fi èèkàn nà mí, mi ò mọ òun náà. Ẹ̀kẹta ò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹrin, ẹni tó lé ọ̀rẹ́ mi wọ ẹ̀yìn aṣọ, tó sì padà wá pẹ̀lú àdá tí ẹ̀jẹ̀ ti rin. Mo gbé òkùnkùn ojú rẹ̀ sókè. Mo tún gbé e. Àpá kan jáde lágbọ̀n rẹ̀. Mo mọ àpá náà. Etí kànga ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti ṣubú tó fi gbà á, mo wà níbẹ̀, kékeré ni mí.

Àbúrò Màámi ni. Ìyá wọn kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀yìn Màámi ló sì gbà dàgbà. Ọdún mẹ́fà péré ló fi jù mí lọ. A jọ sùn lórí ẹní kan, òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Ó ti ń gbé Ibiade, ó ní pákó lòun ń tà níbẹ̀. Mo ti pinnu pé tí a bá ya fídíò wa tán lọ́jọ́ yẹn, màá yà kí i.

Nínú fídíò náà, ó padà wá, ó gbé àdá sókè lórí mi, ó sì rí ẹ̀gbẹ́ ojú mi. Ẹnu rẹ̀ là. Òun ló kígbe pé ó tó.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà padà, mi ò gbé òkùnkùn kankan sókè mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Mo ń mú ewé láti apá kan fídíò lẹ̀ mọ́ ibi tí orí rẹ̀ wà, mo ń mú omi lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, mo ń mú iyanrìn lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mo sì pa á rẹ́ nínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo pa ohùn rẹ̀ náà rẹ́. Nígbà tí mo parí, ọkùnrin mẹ́ta ló wà létí ọ̀sà, ẹ̀fúùfù sì ń fẹ́ ewé níbi tí ẹ̀kẹrin wà.

Mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìwòsàn kí n tó gbé e fún ọlọ́pàá. Bóyá mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa kọjá lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi nínú báńdéèjì, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn rẹ̀. Ó wò ó láìmí.

"Mẹ́ta nìyí," ó ní. "Mẹ́rin ni wọ́n."

"Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí o rí mẹ́rin."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti là sí méjì.

Ó yí ojú sí mi, ó tún yí i padà sí fídíò. "Dá a padà sẹ́yìn. Sí i. Dúró níbẹ̀." Ó fi ìka òsì kan ojú kọ̀ǹpútà, níbi aṣọ aláwọ̀ ewé. "Òjìji ta nìyí?"

Òjìji ọkùnrin kan ń sáré kọjá lára aṣọ náà, àdá lọ́wọ́ òjìji ọ̀hún, oòrùn ló gbé e hàn láti ẹ̀yìn aṣọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ mi nìkan ló sáré wọ ibẹ̀ nínú fídíò mi. Mo ti rí i fún ọjọ́ mẹ́ta, mo rò pé aṣọ ló ká jọ.

"Ta lo yọ kúrò níbẹ̀?" Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo ní ta lo yọ?"

Mo sọ fún un. Ife onírin tí wọ́n fi ń fún un lómi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì jù ú lù mí. Ó là mí níwájú orí. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú mi, ọ̀rẹ́ mi sì ń pariwo, "Ẹ mú un jáde! Ẹ jẹ́ kó lọ pa ara tirẹ̀ náà rẹ́!"

Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Màámi, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kì í na ọmọ ọlọ́mọ, ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ojúlówó fídíò náà hàn wọ́n, mo ní mo fẹ́ gbé e fún ọlọ́pàá, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi.

Wọ́n gbá mi létí. Wọ́n tún gbá mi ní ìkejì. Wọ́n mú rúlà onígi tó wà lórí ìwé, wọ́n fi nà mí títí ó fi kán, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lásán nà mí lọ. Mi ò sá. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan mi, wọ́n là á mọ́ àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀yìn mi ló gbà dàgbà! Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ fún ìyá mi lọ́run pé ọmọ tèmi ló ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé?"

"Màámi, ọ̀rẹ́ mi ò lè di bírò mú mọ́."

"Ọwọ́ á san!" Wọ́n ń mí helehele. "Ọwọ́ máa ń san! Ẹ̀wọ̀n kì í san!"

Wọ́n jókòó sáàárín ìwé àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n bú sẹ́kún. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní tí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, àwọn á pa mí.

Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ olùkọ́ wa. Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè, mo sì jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi èyí tí mo bà jẹ́, tó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, han àwọn. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Iṣẹ́ yìí dára," ni wọ́n wí. Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. "Òjìji nìkan lo gbàgbé." "Ó yẹ kí ojú tì mí pé èmi ni mo kọ́ ọ."

A jọ jókòó, a sì gbé ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, a kò fi nǹkan kan kún un, a kò yọ nǹkan kan kúrò.

Ọlọ́pàá mú mẹ́ta nínú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àbúrò Màámi wà nínú wọn. Wọ́n pè mí wá sí àgọ́ wọn kí n wá tọ́ka sí i. Wọ́n ti lù ú. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí, ètè rẹ̀ ti bẹ́, kò wọ bàtà. Ọlọ́pàá kan gbá a lórí níwájú mi: "Wò ó! Wo ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ!"

Ó gbójú sókè. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni," ló wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, ká ní mo mọ̀ pé ìwọ ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn yín. Wọ́n ní àwọn tó wá wọn ilẹ̀ ni."

"Tí kì í bá ṣe èmi ńkọ́?"

Mo tún bi í, mo ń pariwo báyìí, mo ti di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn, mo ń gbọ̀n ọ́n. "Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́?" Mo gbá a létí lójú ọgbẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá ti dá sí i. Mo tún gbá a. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Wọ́n ní láti fà mí kúrò lára rẹ̀.

Nílé ẹjọ́, lọ́yà tiwọn bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo ti yọ ènìyàn kúrò nínú fídíò náà nígbà kan. Mo ní òótọ́ ni.

"Ẹni tó lè yọ ènìyàn kúrò, ṣé kò lè fi ènìyàn sí i?"

"Mo lè fi sí i, sà."

Ariwo sọ nínú kọ́ọ̀tù. Olùkọ́ wa ló dìde lẹ́yìn mi pẹ̀lú káàdì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, wọ́n sì fi ojú kọ̀ọ̀kan hàn nínú òkùnkùn tirẹ̀, kí a tó gbé e sókè àti lẹ́yìn tí a gbé e sókè. Èyí tó kéré jù nínú àwọn mẹ́ta náà ti jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n rán gbogbo wọn lẹ́wọ̀n. Ti àbúrò Màámi ló gùn jù. Onírùngbọ̀n náà ni wọn kò rí mú títí dòní.

Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀rẹ́ mi kò ká mọ́. Ó kó kúrò ní yàrá wa, ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì padà lẹ́yìn ọdún kan láti bẹ̀rẹ̀ àwòrán yíyà pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hàn, mo lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Àwọn ènìyàn inú kàtúùnù rẹ̀ rí wúruwùru, ìlà ara wọn kò gún, wọ́n sì lẹ́mìí ju gbogbo ohun tó ti fi ọwọ́ ọ̀tún yà rí. Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi, ó kí mi dáadáa, ó bi mí bí ara Màámi ṣe rí. Ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Màámi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ojú mi tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò wọn. Iṣẹ́ àwọ̀ ni mo ń ṣe jẹun, àwọn tó ń ṣe eré sì máa ń gbé ìjà àti ogun wá fún mi jù. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tèmi máa ń dà bí òótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi ní kí n bá àwọn lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, àbúrò àwọn ń béèrè mi. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí làwọn ń lọ, àwọn á dúró dè mí ní gáréèjì títí ọkọ̀ á fi kún.